Bí A Ṣe Dìbò Lórí Ráfíátù

“Ìyá yòówù tó bá ń bo irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀, a ó dárúkọ rẹ̀.” Ohùn alága ẹgbẹ́ wa nìyẹn lórí Wásáàpù, ní Jímọ̀ tó kọjá. Kí ó tó dárúkọ mi, ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ohun tí mo ṣe. Orúkọ ọmọ mi nìkan kọ́ ni mo yí padà. Mo yí ti gbogbo ènìyàn.

Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni, nígbà tí àwọn àlàájì ti padà sílé tí àwọn ilé tí wọ́n ń gbà ní Asísíyà, Mẹ́kà, ti ṣófo. Ọ̀kan nínú ilé wọ̀nyí ni ẹgbẹ́ àwa ìyá Yorùbá ti ṣèpàdé. Èmi ni akọ̀wé, nítorí mo ka ìwé mẹ́wàá, mo sì mọ Lárúbáwá kọ.

Ọ̀rọ̀ Ráfíátù ni a bá lọ, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún tó ń tún yàrá ṣe fún àwọn àlejò Ọlọ́run. Ẹni tí wọ́n jọ ń gbé ti mú fóònù rẹ̀ fún alága, ohùn tí ó fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílé sì wà nínú rẹ̀. Alága tẹ̀ ẹ́, gbogbo wa gbọ́: “Ó se ọbẹ̀ wá fún mi nígbà tí ibà dá mi dúbúlẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mọ̀.”

“Ta ló se ọbẹ̀?” alága bi Ráfíátù, tó dúró níwájú wa. “Ọkùnrin ni àbí obìnrin?”

“Ènìyàn ni, mà.”

“A ò kúkú pè é ní ewúrẹ́!” ẹnìkan wí. Ilé bú sẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín.

Wọ́n lé e síta, a sì dìbò: ṣé kí a kọ̀wé sí kafíìlì rẹ̀, ọ̀gá tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó dá a padà sílé? Mo ka ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

“Mẹ́jọ nínú mọ́kàndínlógún,” mo wí.

“Ẹni tí kò nawọ́ kò kọ̀,” alága dáhùn. “Kọ ọ́ pé gbogbo wa ni.”

Àlàájà Sàlámọ́tù, àgbà gbogbo wa, ní, “Èmi kọ̀ o.”

“Àlàájà, ṣé ẹ̀yin náà ní irú ẹ̀ nílé ni?”

Mo kọ ọ́ pé gbogbo wa ni. Ọmọ mi, Hánán, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, ń lé gbogbo ọkọ tó ń wá. Mo fẹ́ kí ojú wọn kúrò nílé mi.

Ó ku lẹ́tà. “Ó” ti èdè wa kò ní akọ, kò ní abo, ṣùgbọ́n Lárúbáwá ní dandan kí n yan ọ̀kan: húwà fún ọkùnrin, híyà fún obìnrin. Bírò mi dúró.

“Kọ híyà,” alága wí. “Bí o bá kọ ọkùnrin, wọ́n á ní kó wá fẹ́ ẹ, ọ̀rọ̀ á parí.”

Mo kọ híyà.

Lọ́jọ́ kejì, nílé wa ní Sáhírì, Hánán rí ẹ̀dà lẹ́tà náà lórí tábìlì. Lárúbáwá ni ọmọ yìí máa ń fi dá mi lóhùn láti kékeré. Lọ́jọ́ yẹn, Yorùbá ni ó sọ.

“Mọ́mì, èmi ni mo se ọbẹ̀ náà.”

Ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó, inú ṣòkòtò mi ló wà. Ẹ mọ ohun tí mo dá a lóhùn? “Rọra sọ̀rọ̀, àwọn aládùúgbò á gbọ́.”

Lẹ́tà náà ti dé ọwọ́ kafíìlì. Àwọn ọlọ́pàá mú Ráfíátù níbi iṣẹ́, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Wọ́n tì í mọ́lé ní Jídà fún ọjọ́ mọ́kànlélógún kí wọ́n tó gbé e sínú ọkọ̀ òfúrufú. Wọ́n na án. Wọ́n bi í ní orúkọ obìnrin náà. Kò sọ. Nítorí pé kò sọ ni Hánán fi rí ọ̀nà kúrò ní ìlú yìí láàyè.

Orí fóònù ni Hánán ti ń kọ́ mi báyìí. Ó ní ẹ̀tọ́ àwọn tó dà bíi tòun kò ju tèmi lọ: kí wọ́n ṣiṣẹ́, kí wọ́n sùn, kí ẹnikẹ́ni má fà wọ́n lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Mo ní, “Ẹni tó ń kírun ni mí o.” Ó ní, “Èmi náà ń kírun.”

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n tún gbé ọ̀rọ̀ ọmọ mìíràn wá. Mo ní n kò kọ ọ́. Àlàájà Sàlámọ́tù dìde dúró tì mí. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ Lárúbáwá kọ níbẹ̀, lẹ́tà náà kò lọ. Ọmọ yẹn ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Gbogbo ohun tí a jèrè nìyẹn. Mo ti ránṣẹ́ ẹ̀bẹ̀ sí Ráfíátù lẹ́ẹ̀mẹfà. Kò dáhùn, kò sì jẹ mí ní gbèsè ìdáhùn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Mẹ́kà, Lárúbáwá yín dára ju tèmi lọ. Wọn yóò gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá bá yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bá wọn kọ ọ́.