Ẹjọ́ Àga Funfun Tó Ṣẹ́ Bàbá Mi Lọ́wọ́

Èmi ni mo ra àga náà. Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́ ìyẹn, nítorí bí ìyá mi bá ń sọ ìtàn yìí fún àlejò, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀, wọn á sì nawọ́ sí mi kí gbogbo èèyàn lè mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí.

Àárín àwọn ọdún 1990 ni. Mo ń ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé lọ́dọ̀ agbẹjọ́rò kan ní àdúgbò Ẹ̀pẹ́, ní Ṣàgámù, mo sì ń gbé yàrá kan ní Ibido. Irolu ni àwọn òbí mi wà, níbi tí bàbá mi ti ń dáko obì àti ẹ̀gẹ́. Bàbá mi ga, wọ́n sì sanra. Bí wọ́n bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà níwájú ilé wa, kò sẹ́ni tó tún ń béèrè bóyá àyè kù.

Àkókò yẹn ni àga oníke ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbòde. Nígbà tí àfẹ́sọ́nà mi sọ pé àwọn ẹbí òun ń bọ̀ wá mọ ẹbí mi, mo ní n kò ní jẹ́ kí wọ́n bá bàbá mi lórí bẹ́ǹṣì. Mo fi owó oṣù mi ra àga funfun mẹ́rin lọ́jà Ṣàgámù. Wọ́n ní apá lọ́tùn-ún àti lósì, wọ́n sì ya òdòdó sí ẹ̀yìn wọn. Ọkùnrin tó tà wọ́n fi ẹsẹ̀ gbá ọ̀kan, ó ní, "Àǹtí, erin lè jókòó lórí eléyìí, kó tún sùn lọ." Ó yí àga náà padà, ó fi bébà kékeré kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ hàn mí. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, pé àga náà lè gba àgbàlagbà èyíkéyìí, bó ti wù kó sanra tó. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Inú mi dùn gan-an ni.

Ọ̀sán ọjọ́ Sunday kan ni àwọn àna mi dé. Apá òkè lọ́hùn-ún ni wọ́n ti wá, wọn ò dé Rẹ́mọ rí. Àwọn àgbà mẹ́ta inú wọn jókòó sórí àga mẹ́ta, bàbá mi jókòó sórí ẹ̀kẹrin, àfẹ́sọ́nà mi wà lórí ẹní. Èmi àti ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá mi ṣe agbádá wọn dáadáa, wọ́n wúkọ́, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti ń múra rẹ̀ sílẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta.

"Ẹ̀yin èèyàn wa," ni wọ́n wí, "ilé tí ẹ wá yìí, ilé tó fìdí múlẹ̀ ni. Kò sí ohun tó lè mì ín..."

Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn àga náà kọ́kọ́ tẹ̀. Bàbá mi ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ àga ṣẹ́, ó dún pàkà, wọ́n sì já lulẹ̀, agbádá bò wọ́n lórí.

Ohun tí àwọn àna mi rí ni pé àgbàlagbà kan wólẹ̀ níwájú wọn láàárín ọ̀rọ̀. Wọ́n rò pé bí wọ́n ṣe ń gba àna ní Rẹ́mọ nìyẹn. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn pariwo pé, "Háà, bàbá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, àwa ló yẹ kó ṣe é!" Ó sì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Kò pẹ́ rárá, gbogbo ọkùnrin tó wà níwájú ilé wa ló wà nílẹ̀.

"Ọwọ́ mi!" ni bàbá mi ń wí lábẹ́ agbádá. "Ọwọ́ mi ti ṣẹ́!"

"Àmín!" ni àna mi àgbà dáhùn, ó rò pé àdúrà ni.

Ẹ̀rín kọ́ ni mò ń rín nígbà náà. Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún wọn ti wú kí a tó gbé wọn dé ọsibítù. Dókítà fi simẹ́ńtì funfun dì í láti àtàǹpàkò dé ìgbúnwọ́, ó ní fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, wọn ò gbọdọ̀ di àdá mú. Ìgbà ìkórè obì ló sì bọ́ sí.

Ìtìjú náà tún dun bàbá mi ju ìrora lọ. Kí ọjọ́ kejì tó ṣú, gbogbo Irolu ti gbọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ wọn á wá kí wọn, wọn á wo àga mẹ́ta tó kù láti òkè dé ilẹ̀, wọn á sì fìdí lélẹ̀. Odidi ọjọ́ mẹ́ta ni bàbá mi ò fi bá mi sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n máa yanu, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, kí ni bẹ́ǹṣì mi fi ṣe ọ́?"

Mo padà sẹ́nu iṣẹ́, mo sì ń ṣi ìwé tẹ̀. Ọ̀gá mi, agbẹjọ́rò tí mò ń bá ṣiṣẹ́, jẹ́ ọkùnrin tín-ín-rín kan tí kì í gbóhùn sókè. Ọjọ́ Saturday ni wọ́n ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, bí ayé tilẹ̀ ń parẹ́, wọn kì í fọwọ́ kan ìwé ẹjọ́ lọ́jọ́ náà. Wọ́n bi mí pé kí ló dé. Mo sọ fún wọn, mo sì ń dúró kí wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín.

"Níbo ni àga tó ṣẹ́ náà wà?"

"Ó wà nílé, sà. Bàbá mi ní àwọn máa dáná sun ún lónìí."

Ọ̀gá mi fò dìde. "Ẹlẹ́rìí wa ni wọ́n fẹ́ dáná sun yẹn!"

Ọ̀kadà kan ṣoṣo ló gbé àwa méjèèjì dé Irolu. Ẹ̀yìnkùlé la ti bá àga náà. Ìyá mi ti dojú rẹ̀ délẹ̀, adìẹ wọn ti wọ abẹ́ rẹ̀, ó ń sàba. Bàbá mi fi ọwọ́ òsì mú ìṣáná, ìyá mi dúró láàárín wọn àti adìẹ, wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ dáná sun àga, kó kọ́kọ́ wá ibòmíì fún ẹyin mọ́kànlá. Ọ̀gá mi dọ̀bálẹ̀ kí àwọn méjèèjì.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ má fọwọ́ kan àga yìí. Mo fẹ́ kí a pe ẹni tó ṣe é lẹ́jọ́."

Bàbá mi wò wọ́n. "Lọ́yà, n ò mọ ẹni tó ṣe é. Èmi kọ́ ni mo tiẹ̀ rà á. Ọmọ mi ló rà á lọ́wọ́ ẹnì kan tó rà á lọ́wọ́ ẹlòmíì."

"Ìyẹn ò dí ẹjọ́ lọ́wọ́, sà. Ẹni tó bá ṣe nǹkan jáde fún èèyàn lò, òfin ní kó ronú ẹni tó máa lò ó, bí kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n rí. Wọ́n mọ̀ pé ẹnì kan á jókòó lórí àga. Wọn ò ṣe é kí a kàn máa wò ó."

"Èló ni ẹ máa gbà?"

"N ò ní gba nǹkan kan báyìí. Bí wọ́n bá sanwó, ẹ ó fún mi ní tèmi nínú rẹ̀. Bí wọn ò bá san, a jọ pàdánù ni."

Bàbá mi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ṣé lọ́yà gidi ni ọ̀gá rẹ yìí?"

Ìyá mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé àga kúrò lórí adìẹ. Ọ̀gá mi ya fọ́tò rẹ̀, àtàga àtadìẹ, wọ́n sì dúró títí ẹyin fi pa kí wọ́n tó ránṣẹ́ wá gbé ẹlẹ́rìí wọn. Bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ṣì wà níbẹ̀, ìgbẹ́ adìẹ díẹ̀ ló kàn wà lára rẹ̀.

Èmi ni mo tẹ lẹ́tà tí a kọ sí ilé-iṣẹ́ náà ní Èkó. Ìbínú mú kí n kọ "bàbá mi" síbi tó yẹ kí n kọ "oníbàárà wa" nígbà mẹ́rin, ọ̀gá mi sì ní kí n tún un tẹ̀. Èsì dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Wọ́n ní àga àwọn ò lábùkù, bàbá ló sanra kọjá ààlà. Wọ́n ní síbẹ̀, nítorí àánú, àwọn fi àga tuntun kan ránṣẹ́, irú kan náà gẹ́lẹ́.

Bàbá mi wo àga tuntun náà títí. "Ọwọ́ òsì mi ni wọ́n wá mú báyìí?"

Ọ̀gá mi ní ká wọn bàbá mi, ká lè mọ bí wọ́n ṣe wúwo tó. Òṣùwọ̀n tí a rí ní ọsibítù ò ju ti ọmọ ọwọ́ lọ, la bá lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ra kòkó ní Ṣàgámù. Bàbá mi gun òṣùwọ̀n kòkó náà, wọ́n dúró ṣinṣin bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò. Oníkòkó náà ka kílò, ó mi orí, ó mú báírò. "Ó ṣì tutù díẹ̀," ó ní, bó ṣe máa ń wí nípa kòkó. "Ẹ jẹ́ kí n yọ kílò méjì kúrò."

"Ẹ má yọ nǹkan kan!" Ìgbà kan ṣoṣo tí mo gbọ́ tí ọ̀gá mi pariwo nìyẹn.

Ilé ẹjọ́ sún ẹjọ́ náà síwájú títí tó fi sú wa. Ọjọ́ tó wá máa bẹ̀rẹ̀, agbẹjọ́rò ilé-iṣẹ́ náà wọlé, mo sì rí i pé ó sanra tó bàbá mi, bóyá ó tilẹ̀ fi díẹ̀ jù wọ́n lọ. Òyìnbó ló ń sọ, ògbufọ̀ ń túmọ̀ fún bàbá mi. Ó béèrè ohun tí wọ́n jẹ lọ́jọ́ náà kí wọ́n tó jókòó.

Bàbá mi fi ojúlówó Rẹ́mọ dáhùn, ìdáhùn náà sì gùn. Ọ̀nà jíjìn ni ògbufọ̀ ti wá. Ó fetí sílẹ̀, ó sì làágùn. Nígbà tí bàbá mi dákẹ́, ó kọjú sí adájọ́, ó ní, "Wọ́n ní àwọn jẹun."

Adájọ́ wa, obìnrin ọmọ Rẹ́mọ ni wọ́n. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn. "Bàbá ò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ìkọ́kọrẹ́ ti wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ń dúró de àlejò, ebi sì ń pa àwọn."

Agbẹjọ́rò náà fi ìyẹn sílẹ̀, ó mú fọ́tò. "Adìẹ ta nìyí?"

"Ti ìyàwó mi."

"Ṣé kì í ṣe adìẹ yìí ló ba àga náà jẹ́?"

"Rárá o, lọ́yà. Adìẹ yẹn gbọ́n jù mí lọ. Abẹ́ àga ló wà, kò gun orí rẹ̀."

Wọ́n wá pe ẹlẹ́rìí tiwọn, ẹnjiníà tó ń bójú tó ibi tí wọ́n ti ń ṣe àga. Ó ní kò sí àgbàlagbà tí àga náà ò lè gbà. Ọ̀gá mi dìde, wọ́n gbé àga tuntun tí ilé-iṣẹ́ fi ránṣẹ́ síwájú, wọ́n bi í bóyá irú kan náà ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní kó jókòó. Ó jókòó, nǹkan kan ò ṣe é, nítorí èèyàn tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Mo rò pé ó ti tán fún wa.

"Ẹ ṣeun," ni ọ̀gá mi wí. "Ẹ dìde. Ṣé agbẹjọ́rò yín náà lè bá wa jókòó díẹ̀?"

Agbẹjọ́rò náà wo àga. Ó wo ẹnjiníà. Ẹnjiníà rọra mi orí fún un pé rárá, gbogbo wa ló sì rí i.

"Mo fẹ́ràn kí n máa dúró níwájú adájọ́," ni agbẹjọ́rò náà wí.

Ẹ̀rín gba ilé ẹjọ́. Adájọ́ náà rẹ́rìn-ín, wọ́n wá dojú kọ ẹnjiníà. "Kí ló dé tí ẹ fi mi orí fún un?"

Àánú ọkùnrin náà ṣe mí. Kò wo ẹnikẹ́ni lójú bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó ní nígbà yẹn, ojúlówó ike wọ́n, ilé-iṣẹ́ wá ń yọ́ ògbólógbòó garawa àti sálúbàtà mọ́ ọn, ihò sì máa ń wà nínú ẹsẹ̀ àga. Ó ní òun sọ fún àwọn ọ̀gá òun. Ọ̀gá mi gbé ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ sókè sójú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Inú rẹ̀ rí bí inú búrẹ́dì.

Agbẹjọ́rò wọn tọrọ àyè kí a lọ sọ̀rọ̀ níta. Ọjọ́ náà la parí rẹ̀. Wọ́n san owó ọsibítù, owó obì tó ṣòfò àti ti ìrora, ọ̀gá mi gba tiwọn níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà tún fọwọ́ síwèé pé àwọn máa kó irú àga bẹ́ẹ̀ kúrò lọ́jà. Bàbá mi ní ó ku ohun kan. Wọ́n ní kí ẹnì kan wá sí Irolu, kó wá ní kí àwọn má bínú, níṣojú àwọn aládùúgbò. Ẹnjiníà yẹn náà ló wá. Ó bẹ̀ wọ́n dáadáa, ìyá mi sì bu ìkọ́kọrẹ́ fún un lẹ́ẹ̀mejì. Títí tí bàbá mi fi kú, ọrùn ọwọ́ wọn ò na tán mọ́, ó sì máa ń dùn wọ́n bí òjò bá ṣú. Ṣùgbọ́n ní ọdún kejì, wọ́n ti ń di àdá mú.

Wàhálà tó kù wá di ti ọ́fíìsì wa, nítorí gbogbo ẹni tí nǹkan bà jẹ́ mọ́ lọ́wọ́ ni bàbá mi ń fi ránṣẹ́ sí wa. Ìyá kan wá tí ìpara bó lójú, ọ̀gá mi gba ẹjọ́ rẹ̀. Ọkùnrin kan wá tí sítóòfù tuntun bú gbàmù mọ́, tó jó o lẹ́sẹ̀, wọ́n gba tirẹ̀ náà. Lọ́jọ́ kan, bàbá arúgbó kan gbé rédíò wọlé, ó gbé e ka orí tábìlì mi, ó ní kì í gbé ju ilé-iṣẹ́ rédíò kan ṣoṣo lọ.

"Ṣé ó ṣe yín léṣe, sà?" ni ọ̀gá mi béèrè.

"Ó ń bí mi nínú gan-an ni. Ṣé ìyẹn ò tó?"

Ọ̀gá mi fọwọ́ bo ẹnu wọn kí ẹ̀rín má bàa jáde. Wọ́n ní kí n júwe ilé ẹni tó ń tún rédíò ṣe ní Ibido fún bàbá náà.