Asẹ́ Tí Bàbá Mi Ní Kí Wọ́n Fi Sílẹ̀

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, ní Peckham níbí, ní Lọ́ńdọ̀nù, èmi ni mo máa ń gbé oúnjẹ lọ fún bàbá mi níbi iṣẹ́ ní ọjọ́ Sátidé, tí a bá ti kúrò ní ilé kéwú. Abẹ́ afárá ojú irin ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà. Ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó mu kọfí níbẹ̀ lónìí, irin ni wọ́n ń gé níbẹ̀ nígbà náà.

Ilẹ̀ gbígbá ni wọ́n fi gba bàbá mi síṣẹ́. Ó gbálẹ̀ fún ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó fi ẹ̀rọ kan lé e lọ́wọ́, ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná jẹ irin díẹ̀díẹ̀ nínú ọpọ́n epo. Ìyá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ki ẹ̀rọ náà ní oríkì. Epo ọ̀hún gbọ́dọ̀ mọ́. Bí iná ṣe ń jẹ irin ni èérún rẹ̀ ń bọ́ sínú epo, asẹ́ kan ló sì ń gbà á. Bí èérún bá pọ̀ jù, iná á máa ta síbi tí a kò rán an. Bàbá àgbàlagbà kan, ará Jàmáíkà, ló ń pààrọ̀ asẹ́ náà.

Lọ́sẹ̀ kan, iṣẹ́ kánjúkánjú dé: irin tí wọ́n máa fi mọ ìdérí ìgò. Ará Jàmáíkà fẹ́ dá ẹ̀rọ dúró kó pààrọ̀ asẹ́, bàbá mi ní kó fi í sílẹ̀. Ó da epo tuntun kún ti inú ọpọ́n, ó wò ó, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní ó ti mọ́. Òfin omi àlùwàlá ló lò, ẹ̀yin ọmọ mi: omi tó bá pọ̀, tí àwọ̀ àti òórùn rẹ̀ kò yí padà, ẹ̀gbin díẹ̀ kì í bà á jẹ́. Epo kò mọ òfin yẹn. Nígbà tí wọ́n yọ irin náà, ojú rẹ̀ rí gbágungbàgun bí èèpo ọ̀pẹ òyìnbó.

Bí mo ṣe gbé oúnjẹ dé ni ọ̀gá ń pariwo mọ́ ará Jàmáíkà, ó ní kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Ọkùnrin náà ń wo ilẹ̀, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Bàbá mi lọ bá ọ̀gá, ó ní òun lòun ní kó má pààrọ̀ asẹ́. Wọ́n dá ará Jàmáíkà sí. Ìgbálẹ̀ ni wọ́n dá padà fún bàbá mi.

Inú bí mi. Bí a ṣe ń lọ sílé, mo ní, “Daddy, why lẹ ṣe tell wọn? Nobody asked yín!”

“Ẹni tó jẹ gbì ló ń kú gbì,” ó dá mi lóhùn. “Bàbá yẹn náà ní family.”

Títí ó fi fẹ̀yìn tì, wọn kò fi ẹ̀rọ lé e lọ́wọ́ mọ́. Ojú ń tì mí. Ẹnjiníà ni mo ń pè é fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Pé mo tijú rẹ̀ ló ń dùn mí títí dòní.

Irú ẹ̀rọ yẹn ni ọmọ mi obìnrin ń lò báyìí. Ó ní bí epo bá ti dọ̀tí, ẹ̀rọ á dá ara rẹ̀ dúró, á sì kọ ọ́ sójú sìkíríìnì. Ó dáa bẹ́ẹ̀, mi ò ráhùn. Láyé tiwa, ẹ̀rọ kì í sọ ọ́. Èèyàn ló ní láti la ẹnu rẹ̀.