Ẹ Gbá Mi Mú: Òòyì, Etí Òsì Mi àti Kẹ̀kẹ́ Onítáyà Kan

Ilẹ̀ ló kọ́kọ́ sún. Orí kẹ̀kẹ́ ni mo wà, láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ni mo bá rí i tí pápá ilé-ìwé wa sún díẹ̀ sí ọ̀tún, èmi sì ṣubú sí òsì. Mo dìde, mo gbọn ṣòkòtò mi, mo tún gùn ún. Ó tún sún. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo ṣubú láàárọ̀ ọjọ́ náà, apá òsì ni gbogbo rẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ tí mò ń wí yìí kì í ṣe èyí tí ẹ mọ̀. Táyà kan ṣoṣo ló ní. Kò ní ọwọ́ tí èèyàn máa dì mú, kò sì ní bíréèkì. Ìjókòó wà lókè, táyà wà nísàlẹ̀, pẹ́dàlì méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ìyókù di ọwọ́ ẹni tó gùn ún. Ẹ má bi mí pé kí ni obìnrin ẹni ọdún mọ́kàndínlógójì ń wá lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi ti bi mí, ìyá mi ti bi mí, ìjọ mi náà ti bi mí. Praimari fó ni mò ń kọ́ ní ilé-ìwé kan ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ilé-ìwé wa mú Ọ̀gá Lékan wá pé kó máa kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ̀kẹ́ yìí ní Sátidé, wọ́n sì ní kí n máa jókòó tì wọ́n. Mo ń bú àwọn ọmọ pé wọn kò fara balẹ̀. Wọ́n ní kí àǹtí gùn ún wò. Mo gùn ún, mo ṣubú, ojú tì mí, ni mo bá kúkú kọ́ ọ.

Ọdún kejì rèé. Mo lè lọ síwájú, mo lè rìn sẹ́yìn, mo sì lè dúró lójúkan. Dídúró lójúkan ni pé kí o máa fi ẹsẹ̀ yí táyà síwájú díẹ̀, sẹ́yìn díẹ̀, lábẹ́ ara rẹ, kí ara fúnra rẹ̀ má lọ síbì kankan. Èyí tí mo ń kọ́ lọ́wọ́ nígbà náà ni kí n fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ṣe é, kí ẹsẹ̀ kejì sinmi lórí irin tó wà lókè táyà. Oṣù mẹ́rin ni mo ti fi ń bá a jà. Mo ti yí i dé mọ́kànlá láìṣubú, ogún ni mo sì ń wá.

"Àǹtí Bọ́sẹ̀, táyà lẹ̀ ń wò," Ọ̀gá Lékan sọ. "Ẹ wo ọ̀ọ́kán."

Mi ò wo táyà. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún un pé ilẹ̀ ló ń sún? Mo ní ebi ló ń pa mí, mo sì gba ilé lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ìjọ ni òòyì náà ti dé tán. Ìjọ Aládùúrà ni wá, lẹ́yìn àdúgbò wa ní Òkè-Odò, láti ilé la ti máa ń bọ́ bàtà wá, nínú sùtánà funfun. A kúnlẹ̀ gbàdúrà, mo forí kanlẹ̀, mo gbé e sókè, ni gbogbo ilé bá ń yí. Àbẹ́là tó wà níwájú pẹpẹ ń lọ sí ọ̀tún, ó ń padà wá, ó tún ń lọ. Mo dìde kí n lè jáde. Ẹsẹ̀ mi kò mọ ibi tí ilẹ̀ wà mọ́. Mo na apá méjèèjì, mo ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ láàárín ìjọ.

Ní ìjọ míì, wọn ì bá fún mi ní àga àti omi. Tiwa yàtọ̀. Bí èèyàn bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ nínú sùtánà, ẹ̀mí ló gùn ún, a kì í sì í fọwọ́ kan ẹni tí ẹ̀mí gùn. Ni gbogbo èèyàn bá fún mi láyè. Agogo dún, orin gòkè. Màmá Akọ̀wé, ìyá àgbà tó máa ń kọ ọ̀rọ̀ àwọn aríran sílẹ̀, kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pẹ̀lú ìwé àti báírò.

Mo ní, "Ẹ gbá mi mú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbá mi mú, mo ń ṣubú."

Màmá Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Ìjọ ní àmín.

Mo fi èjìká òsì balẹ̀, mo sì bì sára aṣọ funfun mi. Ọkọ mi, Bàbá Tóbi, tó wà níta pẹ̀lú àwọn ọmọ, ló wọlé, ó wo ojú mi lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbé mi. Ó ní òun mọ ìyàwó òun, eléyìí kì í ṣe ẹ̀mí.

Mi ò sọ ọ́ kí ẹ lè fi ìjọ mi rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ mí lórúkọ. Mo ń sọ ọ́ nítorí ohun tí èmi fúnra mi ṣe lẹ́yìn náà. Nígbà tí wọ́n wá kí mi nírọ̀lẹ́, tí wọ́n ní iṣẹ́ Olúwa ti ẹnu mi jáde, pé kí ìjọ máa gbá àwọn aláìlera mú, mo dákẹ́. Àwọn tó ń fojú burúkú wò mí tẹ́lẹ̀ nítorí ṣòkòtò àti kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń pè mí ní ìyá wa nínú ẹ̀mí báyìí. Ó dùn mọ́ mi, ká sòótọ́.

Ṣùgbọ́n ara kò dùn rárá. Fún ọjọ́ méjì, mi ò lè la ojú. Bí mo bá fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sùn tí mi ò mi, ó sàn díẹ̀. Bí mo bá yí orí báyìí, èébì. Kò sí ibi kan tó ń dùn mí o, ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí. Èèyàn mọ ohun tó máa fi ìrora ṣe. Ṣé ògiri tó ń yí ni kí n bẹ̀ ni? Bàbá Tóbi ra oògùn ibà ní kẹ́mísì, mo lò ó, mo bì í. Lọ́jọ́ kẹta ó ní ó tó gẹ́ẹ́, ó gbé mi lọ sí ọsibítù kan lápá Ìgándò.

A pẹ́ lórí bẹ́ǹṣì. Mo di ọ̀rá mú níwájú ẹnu mi, mo fi orí ti ògiri, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pe orúkọ tí kì í ṣe tèmi ni omijé ń bọ́. Obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí ń fi páálí fẹ́ mi. Kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi, ó ṣá ń fẹ́ mi títí wọ́n fi pè é wọlé.

Dókítà etí náà kò ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Ó kọ́kọ́ wo ojú mi, ó ní ẹyinjú mi ń ta fúnra rẹ̀. Ó wá di orí mi mú, ó ní kí n tẹjú mọ́ imú òun, ó sì yí orí mi lójijì sí ọ̀tún, lẹ́yìn náà sí òsì. Nígbà tó yí i sí òsì, ojú mi kúrò lára imú rẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá a padà. Ó ní kí n na ọwọ́, kí n rẹ́rìn-ín, kí n sọ orúkọ ọmọ mi.

"Kì í ṣe rọpárọsẹ̀, mà. Iṣan etí yín ni."

Bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nìyí. Nínú etí lọ́hùn-ún, lẹ́yìn ibi tí à ń fi gbọ́rọ̀, ẹ̀yà ara kékeré kan wà ní ọ̀tún, ọ̀kan wà ní òsì. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa sọ fún ọpọlọ pé orí yí, orí tẹ̀, orí dúró. Iṣan tín-ín-rín ló ń gbé ọ̀rọ̀ náà lọ. Ọ̀fìnkìn kan ti jà ní kíláàsì mi ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ó sì jọ pé irú kòkòrò àìfojúrí bẹ́ẹ̀ ló mú iṣan etí òsì mi wú. Etí ọ̀tún ń sọ̀rọ̀, ti òsì dákẹ́, ọpọlọ wá gbà pé orí ló ń yí. Mo ń gbọ́rọ̀ dáadáa ní tèmi o, kò kan ìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa. Bí òòyì bá dé tí ẹnu ẹni wọ́, tí ahọ́n wúwo, tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan kò lágbára, tí èèyàn ń rí nǹkan ní méjì-méjì, tàbí tí orí ń fọ́ bí kò ṣe fọ́ rí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kẹ́mísì. Ọsibítù ni kí wọ́n gbé e lọ kíákíá.

Dókítà fún mi ní oògùn tó ń dá òòyì àti èébì dúró. Ó ní ọjọ́ mẹ́ta péré ni kí n lò ó, kí n sì dìde máa rìn. Mo gbọ́. Mi ò ṣe é. Oògùn náà ń mú kí ayé dákẹ́, nígbà tó tán mo ní kí Bàbá Tóbi lọ ra òmíràn. Gbogbo ẹni tó wá kí mi ń sọ pé kí n sùn, kí n sinmi, mo sì ń fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi sùn, mo sì ń burú sí i. Mo padà síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, mo kọ̀wé sára bọ́ọ̀dù, mo yíjú sí kíláàsì, èmi dúró, kíláàsì kò dúró. Mo di tábìlì mú. Ogójì ọmọ ń wò mí, kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín, ojú àánú ni wọ́n fi ń wò mí, ó sì dùn mí wọra. Mo délé, mo jókòó ti kẹ̀kẹ́ mi lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo sunkún. Bàbá Tóbi ní kí á gbé kẹ̀kẹ́ náà fún ẹlòmíì jàre, ara ló ṣe pàtàkì. Mo sọ̀rọ̀ kan sí i lọ́jọ́ náà tí mi ò lè kọ síbí. Ẹ̀rù ló ń bà mí, pé mi ò ní gùn ún mọ́ láyé.

Nígbà tí mo padà sọ́dọ̀ dókítà, kò pariwo mọ́ mi. Ó ní oògùn yẹn ń mú ọpọlọ mi sùn, ọpọlọ kò sì lè kọ́ ohun tí oògùn kò jẹ́ kó rí. Apá kan nínú iṣẹ́ etí òsì yẹn lè má padà mọ́, àmọ́ ọpọlọ lè kọ́ bó ṣe máa fi ìyókù ṣe é. Iṣẹ́ tó fún mi nìyí: kí n lẹ lẹ́tà ńlá kan mọ́ ògiri, kí n tẹjú mọ́ ọn, kí n máa mi orí lọ́tùn-ún lósì, kí n fẹsẹ̀ kan dúró ní igun yàrá, kí n máa rìn lójú títì kí n máa yíjú. Ó ní òòyì máa kọ́ mi, kí n má sá fún un, kí ẹnì kan ṣá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Wo ọ̀ọ́kán, ṣubú, tún un gùn. Ọ̀rọ̀ Ọ̀gá Lékan ni gbogbo rẹ̀.

Ta ló máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi? Bàbá Tóbi ti ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Màmá Akọ̀wé ló yọjú. Ó ti fẹ̀yìn tì, ó ní òun kò ní iṣẹ́ kan láàárọ̀. Ó máa ń di ìgbọ̀nwọ́ mi mú láti ẹnu ọ̀nà wa títí dé ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń ta búrẹ́dì, a ó sì padà. Ọjọ́ mìíràn mo bì lẹ́bàá gọ́tà, á nu ẹnu mi, á ní ká máa lọ. Inú rere yẹn wá ń jẹ mí lọ́kàn. Mo mọ ohun tó rò pé mo jẹ́.

Lọ́jọ́ kan mo dúró lójú ọ̀nà. Mo ní, "Mà, ọ̀rọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè yẹn, kì í ṣe ẹ̀mí o. Òòyì ni. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́."

A rìn délé. Ó jókòó, ó yọ ìwé rẹ̀ nínú báàgì, ó ṣí i, ó gbé e fún mi. Orúkọ mi wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí mo sọ wà lábẹ́ rẹ̀, bí mo ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ó tún fi báírò pupa kọ nǹkan sísàlẹ̀, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ náà ló kọ síbẹ̀: *Kì í ṣe ìran. Ara rẹ̀ ni kò yá. Ó ní ká gbá òun mú, a kò gbá a mú. Olúwa, dárí jì wá.*

"Ogójì ọdún ni mo ti ń kọ̀wé fún ẹlẹ́mìí, Ìyá Tóbi," ó sọ. "Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ ọ́n yàtọ̀ ni? Ariwo agogo ló kọ́kọ́ dà mí láàmú. Ó yá, dìde, a ò tíì fẹsẹ̀ kan dúró lónìí."

Mo sunkún díẹ̀. Mo sì dìde.

Oṣù kẹrin ni mo tó padà sí pápá. Màmá tẹ̀ lé mi, inú sùtánà ló wà, láti ibi àdúrà àárọ̀, ẹsẹ̀ lásán lórí koríko. Mo fọwọ́ lé èjìká rẹ̀, mo gun kẹ̀kẹ́. Ìdí mi kan ìjókòó, òòyì yọjú, mo wo òpó góòlù lọ́ọ̀ọ́kán, ó rọlẹ̀. Ọ̀gá Lékan ní kí Màmá fi mí sílẹ̀. Màmá ní rárá.

Mo ní, "Mà, ó tó, ẹ fi mí sílẹ̀."

"Ohun tí mo kọ sílẹ̀ ni mo ń ṣe."

Ó fi mí sílẹ̀ nígbà tó yá, ní Sátidé mìíràn. Mo ti ń dá gun kẹ̀kẹ́ báyìí, síwájú àti sẹ́yìn. Bí iná bá lọ nílé, mo ṣì máa ń fọwọ́ kan ògiri kí n tó dé ilé ìwẹ̀, mi ò sì rò pé ìyẹn máa kúrò. Mi ò bínú sí etí òsì mi. Ọdún mọ́kàndínlógójì ló fi gbé mi dúró tí mi ò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àfi ìgbà tó dákẹ́. Mo ń dúpẹ́ báyìí, láàárọ̀, bí mo bá ti sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ tí ilẹ̀ sì wà níbi tí mo fi sílẹ̀ sí.

Ní ti ẹsẹ̀ kan, bí mo bá dá a ṣe, mẹ́sàn-án ni. Ṣùgbọ́n ní Sátidé tó kọjá, mo ní kí Màmá wá dúró, mo sì na ọwọ́ sí i. Ó dì í mú. Mo gbé ẹsẹ̀ kejì lé orí irin, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí i, Màmá ń bá mi kà á sókè: mẹ́wàá, mọ́kànlá, méjìlá, títí ó fi pé ogún. Ọ̀gá Lékan ní a kì í ka èyí tí wọ́n bá di èèyàn mú ṣe. Èmi kà á.