Iná Pupa Tó Pa Màmá Mi Lẹ́nu Mọ́

Ẹ má tíì bú mi o! Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rojọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín èmi, màmá mi àti iná kékeré kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí ní Douala.

Bàtà ni mò ń tà ní ọjà Marché Central. Kí ló wá kan oníbàtà pẹ̀lú kóòdù, àṣẹ tí wọ́n ń kọ fún ẹ̀rọ? Òjò ni! Tí òjò Douala bá ti bẹ̀rẹ̀, oníbàárà kì í yọjú, fídíò ni mo máa ń wò. Ibẹ̀ ni mo ti rí bọ́ọ̀dù kan tí kò tó àtẹ́lẹwọ́. Èèyàn á so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, á kọ àṣẹ sínú rẹ̀, òun náà á sì máa ṣe bí wọ́n bá ṣe ní kó ṣe. Mo ra ọ̀kan. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ mú kí iná orí rẹ̀ máa ṣẹ́jú, mo jó yí ṣọ́ọ̀bù ká.

Mo bá ní kí n fi ṣe ohun tó wúlò. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n ń fún ẹni tó bá fẹ́ jẹ́rìí. Ta ló ń pa á mọ́? Àgbàlagbà á gba máìkì, á bẹ̀rẹ̀ láti ọdún tó dé Cameroon. Ọmọ ta ni yóò sọ fún un pé ó tó? Pásítọ̀ gan-an ò lè sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ò mọ àgbà! Mo so iná méjì àti bọ́tìnì kan mọ́ bọ́ọ̀dù mi. Bí mo bá tẹ bọ́tìnì, iná aláwọ̀ ewé á tàn. Tó bá pé ìṣẹ́jú mẹ́ta, pupa á tàn, onítọ̀hún á dúpẹ́, á jókòó. Mo dán an wò nílé lẹ́ẹ̀kan, ó ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ọjọ́ Ìsinmi dé. Ẹni àkọ́kọ́ jẹ́rìí, pupa tàn, ó jókòó. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, orí mi wú.

Màmá mi ló kàn. Láti bí ọ̀sẹ̀ kan ló ti ń múra ìjẹ́rìí yìí, kò sì sọ ohun tó dá lé fún ẹnikẹ́ni. Ó gba máìkì, ó ní ká bá òun yin Olúwa. Mo tẹ bọ́tìnì. Pupa! Mo tún un tẹ̀. Pupa!

Màmá wo iná, ó wò mí. "Ó dáa. Olúwa, mo dúpẹ́. C'est tout, ó parí."

Ó jókòó. Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Pásítọ̀ bẹ̀ ẹ́ kó tún dìde, màmá ní òun kì í rú òfin.

Nígbà tí mo délé, mo tú kóòdù náà wò. Mo ti ní kí bọ́ọ̀dù máa ka ìṣẹ́jú, ṣùgbọ́n n kò sọ fún un pé bí mo bá tún tẹ bọ́tìnì, kó padà sí òdo. Ibi tí ẹni àkọ́kọ́ parí sí ló ti bẹ̀rẹ̀ fún màmá mi! Ẹ̀ẹ̀kan péré tí mo dán an wò, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀?

Mo lọ kúnlẹ̀ fún un nílé rẹ̀ ní àdúgbò Madagascar, níbí ní Douala. Ó fà mí dìde.

"Ìwọ ni mo fẹ́ jẹ́rìí lé lórí. Mo fẹ́ sọ pé ọmọ mi tí kò parí collège, ilé ẹ̀kọ́ girama, ló ń kọ́ ẹ̀rọ níṣẹ́ báyìí."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo sunkún.

Mo tún kóòdù yẹn ṣe, mo dán an wò lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, màmá mi gba máìkì. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ti fẹ́ pé, ọjọ́ tó bí mi ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bá ọ̀rọ̀ dé! Mo rọra tún bọ́tìnì tẹ̀. Pásítọ̀ wúkọ́. Mo gbójú sókè, mò ń wo àjà.

Ẹ̀kọ́ mi rèé: bí ẹ bá ṣe ẹ̀rọ, ẹ má ṣe dán an wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ ò mọ ìyá ẹnikẹ́ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìka tó ń tẹ bọ́tìnì mọ ìyá tó bí i.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ fi ọwọ́ ara yín ṣe tó dójú tì yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Ẹ kọ ọ́ kó gùn bó ṣe wù yín, kò sí iná pupa níbí.