Oṣù Oyún Tí Japheth Kó Sínú Kọ̀ǹpútà

Ní ọdún 1994, Japheth Akínyẹlé, olùkọ́ ìṣirò ní Èrúwà, ra ògbólógbòó kọ̀ǹpútà kan wá sílé rẹ̀ ní Igbó-Ọrà. Ó fẹ́ kí ẹ̀rọ náà máa dá aboyún tó gbé ìbejì mọ̀, kí wọ́n lè tètè gbé e lọ sílé ìwòsàn ńlá n'Íbàdàn. Nọ́ọ̀sì Hàlímọ̀ ń bá a wọn ikùn àwọn aboyún, ó ń bi wọ́n ní oṣù tí oyún wọn jẹ́, ó sì ń padà wá sọ iye ọmọ tí wọ́n bí àti ọjọ́ tí wọ́n bí i.

Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló ń ṣẹ̀dá àwọn ètò kéékèèké tí ń ṣèdájọ́ bóyá ọ̀kan ni oyún tàbí méjì. Èyí tó bá ṣì í, a pa á rẹ́. Àwọn tó bá gbà á, a pa wọ́n pọ̀ kí wọ́n bí òmíràn. Ṣùgbọ́n bí ìran ti ń tẹ̀lé ìran ni àwọn ètò ń gùn, tí ẹ̀rọ ń falẹ̀, títí NEPA yóò fi mú iná, gbogbo rẹ̀ a sì parẹ́.

"Tíṣà, ọmọ wo lẹ̀rọ yìí tiẹ̀ ń bí?" Ìbílọlá aya rẹ̀ a fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ojoojúmọ́ loyún ń bà jẹ́ lára ẹ̀!"

Ọdún mẹ́ta ni Japheth fi wá bí ẹ̀rọ yóò ṣe yára. Ó ń pa ètò tó bá gùn jù. Ó sì ń fi àwọn aboyún tí ìran ètò ìṣáájú ṣì nìkan dán ìran tuntun wò. Iṣẹ́ ọjọ́ kan wá ń parí kí èèyàn tó jẹun òwúrọ̀ tán.

Ìgbà náà ni Ìbílọlá lóyún. Ó sọ oṣù rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀, Hàlímọ̀ wọn ikùn, ẹ̀rọ ní ọ̀kan ni. Nítorí náà, wọn kò lọ sí Ìbàdàn. Ìbejì ló bí. Táyé ké. Kẹ́hìndé dábùú, kò sí dókítà nítòsí. Nígbà tí wọ́n fi rí i gbà jáde, kò mí mọ́.

"Màámi, kò yé mi," Japheth sọ fún ìyá rẹ̀, Àbẹ̀kẹ́. "Ikùn Ìbílọlá ò ju ti àwọn olóyún ọmọ kan tí wọ́n wà nínú oṣù kan náà lọ."

"Oṣù wo lo ń wí?"

"Èyí tí wọ́n sọ fún nọ́ọ̀sì."

Ìyá rẹ̀ wò ó. "Japheth, obìnrin wo ní Igbó-Ọrà yìí ló ń ka oṣù oyún ẹ̀ pé sétí ẹlòmíì? Bó bá di méje, márùn-ún là á pè é, kí ayé má baà gbọ́. Àbí o ò mọ̀ ni?"

Ó mọ̀. Kò sí ọmọ Ìbàràpá tí kò mọ̀. Oṣù àbùlà ni ẹ̀rọ fi kọ́ bí ikùn ọlọ́mọ kan ṣe ń rí. Ìbílọlá nìkan ló sọ òótọ́, nítorí ọkọ rẹ̀ ló bi í. Ìdí nìyí tí ikùn ìbejì rẹ̀ kò fi ju ti ọlọ́mọ kan lọ lójú ẹ̀rọ.

Japheth padà sídìí ẹ̀rọ. Láti ọjọ́ tí obìnrin kọ̀ọ̀kan bímọ, ó ka oṣù sẹ́yìn, ó tún gbogbo rẹ̀ ṣe, ó sì tún fi ìwọ̀n ikùn aya rẹ̀ sí i.

Kò pẹ́ rárá. Méjì ni ẹ̀rọ sọ.

"Kí ló wí?" Ìbílọlá bi í láti inú yàrá.

Japheth fi ọwọ́ bo ojú ẹ̀rọ náà. "Kò tíì parí," ni ó dáhùn.