Ẹni Tó Kì Mí Tó sì Gba Tálì Lọ́wọ́ Mi ní Adabraka

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ bá mi fìdí mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí n tú ohun tí ojú mi rí ní Adabraka, ní Accra níbí, sílẹ̀, nítorí bí mo bá gbé e mì, yóò há mi lọ́fun. Inú ń bí mi! Kò sì tíì rọlẹ̀ bí mo ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí sórí fóònù.

Gbogbo yín lẹ ti gbọ́ nípa eré olórin tí àwọn òṣèré kan gbé wá láti Nàìjíríà, tí wọ́n sì ń gbé yí gbogbo Gánà ká. Wọ́n ti Takoradi bẹ̀rẹ̀. Ní Kumasi, mo gbọ́ pé àwọn tí kò rí àga dúró lórí ẹsẹ̀ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹnikẹ́ni kò sì ráhùn. Wọ́n dé Tamale, ibẹ̀ náà kún fọ́fọ́. Accra ni wọ́n fi kádìí rẹ̀. Láti ìgbà tí a ti gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀ ni a kò ti sinmi mọ́! Ní mọ́ṣáláṣí, eré náà ni. Nídìí ọjà, eré náà ni. Àwọn tí kò tíì wò ó ti ń kọ orin inú rẹ̀!

Kí ni eré ọ̀hún dá lé? Ó dá lé àwọn ìyá wa aláṣọ, àwọn tó gbé ẹrù karí padà sí Nàìjíríà ní ọdún tí ìjọba Gánà ní kí àlejò máa lọ sí ilé wọn. Ta ni nínú wa tí ọ̀rọ̀ yẹn kò kan ìdílé rẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ìyá Ràfíù, wà lára àwọn tó lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ló lò kó tó padà wá. Lónìí, ogbó ti dé sí i, ojú rẹ̀ sì ń lọ. Dókítà kò fi pamọ́ fún wa: ìmọ́lẹ̀ tó kù níbẹ̀ kò ní pẹ́ kú. Nígbà tó gbọ́ nípa eré náà, ó pè mí. Òun nìkan ló kù láyé tó ń fi oríkì mi pè mí. Ó ní, "Àlàmú, bá mi wá tíkẹ́ẹ̀tì. Mo fẹ́ fi ojú mi wo ọjọ́ yẹn kí n tó di ẹni tó ń fi etí wòran."

Ẹ wí fún mi, irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣé ó ṣeé tì sẹ́yìn?

Mo kọ́kọ́ gbìyànjú lórí fóònù. Kí n tó tẹ nọ́ńbà tán, wọ́n ní tíkẹ́ẹ̀tì ti tán! Ó wá ku ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ní Adabraka tí wọ́n ti ń tà á lọ́wọ́. Mo gbéra ní Kaneshie kí oòrùn tó yọ, mo wọ ọkọ̀ èrò trotro, mo débẹ̀. Kí ni mo bá lórí ìlà? Òkúta, bàtà àti ike omi! Àwọn tó ni wọ́n ń sùn nílé, bàtà wọn ló ń bá wọn tò. Mo ní kò burú. Èmi kò ní fi sálúbàtà ṣe aṣojú ara mi. Mo dúró bí ọkùnrin.

Nígbà tí wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n pín tálì. Ẹni tó bá mú tálì dé ojú fèrèsé ni wọn yóò ta tíkẹ́ẹ̀tì méjì fún, ẹni tí kò bá sì ní, kó máa lọ. Tálì tó kẹ́yìn pátápátá ló bọ́ sí mi lọ́wọ́! Ọkàn mi balẹ̀. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi yóò jọ jókòó.

Ibẹ̀ ni ọkùnrin kan ti yọ sí mi. Kì í ṣe ọmọdé o, bàbá ọlọ́mọ ni, ó wọ kaftan funfun. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku Adabraka! Ó kí mi kú ìdúró, ó sì béèrè ìlú baba mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Mo ní ọmọ Ọ̀fà ni mí.

Háà! Ó gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí. Ó ti ìjàkadì àwọn baba wa bẹ̀rẹ̀, ó yà sọ́dọ̀ àwọn ìyá wa, ó pe àwọn orúkọ tí mo gbọ́ kẹ́yìn lẹ́nu ìyá mi àgbà. Kò kọsẹ̀, kò sì wá ọ̀rọ̀ tì. Ní Accra yìí, níbi tí a ti ń bá ọmọ tí a bí sọ Yorùbá tó ń fi Twi dá wa lóhùn! Orí mi wú títí fìlà fẹ́ fún un. Ìyá oníkẹ́ńkẹ́ kan, ará Ga tó ń ta oúnjẹ nítòsí tó sì ń wò wá, pàtẹ́wọ́: "Ei, Papa Alata! O kò sọ fún wa pé ọba ni ọ́!" Alata ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí.

Ọkùnrin náà wá ní òun kò lè jẹ́ kí oòrùn máa pa baba òun. Kí n lọ jókòó lábẹ́ agboòrùn ìyá oníkẹ́ńkẹ́, kí òun bá mi mú tálì dání. Bó bá ti kàn wá, òun yóò pè mí.

Kí ni mo ṣe? Mo fà á lé e lọ́wọ́! Mo tún súre fún un! Mo ní bó ṣe dúró fún mi yìí, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò dúró fún òun náà. Ó ṣe àmín, ó fi orí kanlẹ̀.

Mo jókòó, mo gba kẹ́ńkẹ́ pẹ̀lú ẹja díndín. Mo ṣì ń túmọ̀ oríkì mi fún ìyá náà lọ́wọ́ nígbà tó na ọrùn wo ìlà, tó ní, "Papa, ọmọ rẹ yẹn ńkọ́? N kò rí i mọ́ o."

Mo fò dìde. Nígbà tí mo dé ojú fèrèsé, ọmọbìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ti ń kó ẹrù rẹ̀ nílẹ̀. Ó ní tálì tí mo ń wí ti dé, ọmọ mi ló mú un wá. Ọmọ mi! Ó ní tíkẹ́ẹ̀tì ti tán.

Mo yíjú, mo rí i lódìkejì títì. Ó fi apá lé fèrèsé ọkọ̀ ńlá kan tó ń dán, ó ń fi Twi dá ẹni inú rẹ̀ lóhùn. Mo rí i tó na tíkẹ́ẹ̀tì kan wọlé, ọkọ̀ náà sì lọ. Mo kígbe olè! Ṣé ó sá? Kò sá. Ó dúró, ó rẹ́rìn-ín, ó tún dọ̀bálẹ̀! Ó ní kí n má bínú, góró ni iṣẹ́ òun, bí a ṣe ń pe àwọn alágbàtà ní ìlú yìí, ibẹ̀ sì ni òun ti ń jẹun. Kí n tó wí nǹkan kan, ó tún ti ń kì mí.

Ẹ̀yin ará, ohun tó dùn mí jù lọ nìyí: orí mi tún fẹ́ wú! Nínú ìbínú gbígbóná, mo mọ̀ ọ́n lára! Mo jágbe mọ́ ọn: "Pa ẹnu rẹ dé! Oríkì baba mi kì í ṣe ìwọ̀ tí a fi ń pẹja!"

"Bàbá mi," ó dáhùn wọ́ọ́rọ́wọ́, "ṣé ẹja kò wá gbé e mì?"

Àwọn tó dúró ní títì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ìhà mú. Àgbàlagbà bíi tèmi!

Ó ní ó ku ẹyọ kan lọ́wọ́ òun, nítorí pé bàbá òun ni mí, ìlọ́po mẹ́ta péré ni òun yóò gbà. Mo yí ẹ̀yìn padà láti máa lọ. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, àbí? Àmọ́ ojú ẹ̀gbọ́n mi wá sí mi lọ́kàn. Bí mo bá gbé iyì mi délé, ṣé iyì náà ni yóò fi wòran? Mo san án. Ẹ má bi mí ní iye.

Nígbà tí ọjọ́ eré pé, ní ọ̀sán, mo fa ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Ọmọbìnrin kan mú un wọlé, èmi sì fara ti ògiri níta bí ẹni tí wọ́n lé síta. Mo ń gbọ́ àtẹ́wọ́, n kò mọ ohun tí wọ́n ń pa á fún.

Ta ni mo tún rí? Ọ̀gbẹ́ni wa! Ó nà gbalaja níwájú bàbá mìíràn, ọmọ Ṣakí, ó ń kì í. Mo sáré tọ̀ wọ́n. Mo ní, "Alàgbà, ẹ má dá a lóhùn! Gbájúẹ̀ ni!" Bàbá náà kò tilẹ̀ la ojú. Ó gbé ọwọ́ sókè sí mi, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó parí rẹ̀ ná."

Mo padà sídìí ògiri mi.

Ẹ̀gbọ́n mi jáde, omijé wà lójú rẹ̀. Ó ní, "Mo rí i, Àlàmú. Wọ́n di ẹrù bí ẹni tí kò di ẹrù rí, aṣọ tí wọ́n wọ̀ kò sì sí láyé nígbà yẹn, àmọ́ mo rí i." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó wá mi ọwọ́ mi jìgìjìgì. "Kí ló wá dé tí o dúró síta? Àga ẹ̀gbẹ́ mi ṣófo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo gbé báàgì mi lé e."

Báàgì! Ẹni inú ọkọ̀ ńlá yẹn kò wá! Ó ra àga mi, ó sì fi í sílẹ̀ fún báàgì!

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nìyí. Ẹni tó bá kì yín, ẹ gbọ́ ọ, nítorí ohun dáradára ni, àmọ́ kí ọwọ́ yín wà nínú àpò tí tálì wà. Ìdọ̀bálẹ̀ kì í ṣe ìwà. Ẹ̀yin tó ń gbé eré kiri, ènìyàn ni kí ẹ máa tà fún, ẹ yé ka bàtà mọ́ ènìyàn.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ni wọ́n ti fi ẹnu dídùn gba ipò rẹ̀ lórí ìlà rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí kí n lè mọ̀ pé n kò dá nìkan gọ̀. Àti ìwọ tí o gun ọkọ̀ dídán lọ ní Adabraka lọ́jọ́ náà, bí o bá ń ka ọ̀rọ̀ yìí, dá mi lóhùn lójú gbogbo ayé: kí lo rí ṣe lọ́sàn-án ọjọ́ eré?