Ẹni Tó Bá Mi Di Ìdérí Mú ní Ọ̀kà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé irọ́ ni irú ọ̀rọ̀ báyìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Mi ò mutí, mi ò sùn. Ọ̀sán gangan ni!

Ìkàrẹ́ ni mo ti ń ta sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kù oní-gáàsì, irú èyí tó ń gbé ìdérí bọ́ọ̀tì mọ́tò sókè. Mo tún máa ń bá àwọn ilé iṣẹ́ dè é mọ́ ẹ̀rọ.

Màmá kan tó ní ilé iṣẹ́ gaàrí ní Ọ̀kà ló pè mí. Ìdérí irin ẹ̀rọ tó fi ń yan gaàrí wúwo débi pé ọkùnrin mẹ́ta ló ń gbé e. Ó fẹ́ kó máa dá gbéra sókè. Mo wọn ìdérí náà, mo sì wá ṣọ́ọ̀kù méjì tí agbára wọn ká a. Bí agbára bá kéré, ìdérí á jábọ́. Bó bá pọ̀ jù, kò ní ṣeé pa dé. Inú mi ń dùn, ẹ gbà mí gbọ́. Mi ò ṣe iṣẹ́ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ rí.

Wọn ò yan gaàrí lọ́jọ́ náà; ọkùnrin mẹ́ta bá mi gbé ìdérí sókè, mo fi igi tì í, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Mo ti ilẹ̀kùn látinú nítorí ewúrẹ́. Mo ki orí bọ abẹ́ ìdérí, mo de ṣọ́ọ̀kù méjèèjì mọ́ ọn, àmọ́ mi ò tíì fún nọ́ọ̀tì wọn le.

Igi yọ̀!

Mo dijú. Mò ń retí irin lọ́rùn. Kò dé.

Ìgbà tí mo lajú, bàbá kan ló fi ọwọ́ kan ṣoṣo di ìdérí náà mú. Ọwọ́ kan! Àpá ńlá wà níwájú orí rẹ̀.

"Yí ṣọ́ọ̀kù yẹn padà," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Kí ọ̀pá rẹ̀ kọjú sílẹ̀, kí gáàsì má baà jò."

Òótọ́ ló sọ o! Orí kodò ni mo dè é. Mo yí méjèèjì, mo fún nọ́ọ̀tì wọn le. Mo yíjú láti dúpẹ́.

Kò sẹ́nì kankan. Ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì.

Mo sáré bá màmá níta. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ni bàbá tó bá mi di ìdérí mú, tó ní àpá níwájú orí?"

Ó di ara ògiri mú.

"Ọkọ mi nìyẹn," ó ní. "Abẹ́ ìdérí yẹn ló kú sí." Ó wá sún mọ́ mi, ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde. "Ṣé ó bèèrè mi?"

Mo rọra mú un jókòó. Títí dòní, mi ò tíì rí èsì ìbéèrè rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ irin wúwo, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé igi kan ṣoṣo. Kì í ṣe gbogbo ilé iṣẹ́ ló ní ẹni tó máa bá yín dì í mú.